Ta Ló Mọ Ọ̀nà? Bí A Ṣe Ń Fi Onírúurú Ènìyàn Hàn Bó Ti Yẹ Nínú Fíìmù Ìdílé Tó Sọnù Sínú Aginjù

Nínú fíìmù tí ìdílé kan ti ń jìjàkadì láti yè nínú aginjù, ìmọ̀ ni agbára. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi wà, tó lè dá iná lẹ́yìn òjò, tó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èso tó ṣeé jẹ àti èyí tó ń pani, òun ni gbogbo àwọn yòókù yóò máa wo ojú rẹ̀, òun náà sì ni ọmọ tó ń wo fíìmù náà yóò fẹ́ jọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú fíìmù yìí, tó sì fẹ́ kí onírúurú ènìyàn rí ara wọn nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ ara tàbí láti orí àwòrán tí yóò wà lára pátákó ìpolówó. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni bí yóò ṣe pín ìmọ̀, ìpinnu àti àṣìṣe láàárín àwọn ẹ̀dá inú ìtàn rẹ̀. Fíìmù lè kó ènìyàn láti ẹ̀yà márùn-ún jọ sínú ọkọ̀ òfuurufú kan tó já lulẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ronú nínú gbogbo wọn. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ẹnikẹ́ni hàn. Ó kàn to ojú wọn sílẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ pín ìmọ̀

Kí ẹ tó sọ ẹ̀dá ìtàn kankan lórúkọ, ẹ mú ìwé, kí ẹ sì kọ àwọn ohun wọ̀nyí sílẹ̀ nípa olúkúlùkù wọn: ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó kọ́ ọ, ìpinnu tí yóò ṣe tí ọ̀nà gbogbo ìdílé yóò fi yí padà, àṣìṣe tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, ẹni tí yóò gbà là, àti ẹni tí yóò gba òun náà là. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ wo ibi tí òfìfo pọ̀ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò rí i pé ìwé bàbá kún fọ́fọ́, pé ohun tí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ ìyá kò ju pé ó ń tu àwọn ọmọ nínú lọ, pé ìyá àgbà wà níbẹ̀ kìkì kí àárẹ̀ lè mú un, àti pé ẹnì kan ṣoṣo tó wá láti ẹ̀yà mìíràn mọ ohun gbogbo nípa igbó ṣùgbọ́n kò ní ìpinnu kan tó jẹ́ ti ara rẹ̀. Inú àwọn òfìfo wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ yín wà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, n kò sì mọ irú ìtàn tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu ju ìtàn ìdílé tó wà nínú ewu lọ. Ọmọ ọdún 7 lè ra kòrò wọ inú ihò àpáta tí èjìká bàbá rẹ̀ kò lè gbà kọjá. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè mọ bí a ṣe ń fi èéfín gbẹ ẹja tí kò fi ní bàjẹ́, nígbà tí gbogbo àwọn géńdé tó wà níbẹ̀ mọ bí a ṣe ń pa á nìkan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí àìní kan wà nínú ìtàn tó jẹ́ pé ẹni yẹn nìkan ló lè yanjú rẹ̀, kí ẹ̀mí sì rọ̀ mọ́ àìní náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fún un ní iṣẹ́ kékeré kan kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀, àwọn òǹwòran yóò mọ̀, àwọn ọmọdé ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.

Ìdánwò kan wà tí Alison Bechdel, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbé jáde nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1985: ṣé obìnrin méjì wà nínú fíìmù náà, ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣé ohun tí wọ́n sì sọ kọjá ọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin? Ẹ lè fi wo ìwé eré yín, ṣùgbọ́n kò le láti yege nínú rẹ̀, nítorí pé bí ìyá bá sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé òtútù ń mú òun, tí ọmọ náà sì dá a lóhùn, ó ti tó. Èyí tí mo gbà yín níyànjú láti ṣe ni kí ẹ ka ìwé eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí ìdílé náà ti yí ọ̀nà padà, tí wọ́n ti dúró, tí wọ́n ti pín oúnjẹ tàbí tí wọ́n ti fi ẹrù kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó pinnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí orúkọ kan náà bá ń jáde léraléra, ẹ má ṣe tíì wá òṣèré kankan. Ẹ padà sídìí ìwé eré.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ náà lórí ẹni tó kọ́kọ́ kú tàbí tó kọ́kọ́ sọnù. Ó ti di àṣà nínú irú ìtàn yìí pé amọ̀nà, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tàbí aláwọ̀ dúdú, yóò kú ní ìdámẹ́ta àkọ́kọ́ kí akọni ìtàn lè dá dúró. Ikú rẹ̀ a di ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn, a kì í sì í mọ ẹni tó ń dúró dè é nílé. Bí ikú bá pọn dandan nínú ìtàn yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ikú ẹni tí a mọ ohun tó fẹ́ fi ọ̀la rẹ̀ ṣe.

Ìmọ̀ kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀

Èyí ni mo kà sí ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ máa ń kọ wọ́n bí ẹni pé a bí ìmọ̀ igbó mọ́ wọn: ẹni náà yóò gbọ́ òórùn omi láti ibùsọ̀ púpọ̀, ẹranko yóò máa gbọ́ tirẹ̀, kò ní ṣìnà láé. Ìyìn ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ẹni náà kò kọ́ nǹkan kan, kò sì ṣe làálàá kankan. Ó sọ ọ́ di apá kan igbó.

Ẹ wo ìtàn Ada Blackjack. Obìnrin Iñupiat ni, ìyẹn ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Alaska, àwọn míṣọ́nnárì ló tọ́ ọ dàgbà nílùú Nome, níbi tó ti kọ́ ìránṣọ. Kò mọ ọdẹ ṣe, ó sì ń bẹ̀rù béárì funfun gan-an. Ní ọdún 1921, ó bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin lọ sí erékùṣù Wrangel, lókè Siberia, láti máa rán aṣọ fún wọn, nítorí pé ó nílò owó láti fi tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà. Ní oṣù kìíní ọdún 1923, mẹ́ta nínú àwọn ọkùnrin náà gba orí yìnyín lọ wá ìrànlọ́wọ́, a kò sì rí wọn mọ́. Ẹnì kẹrin ń ṣàìsàn, Ada tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú ní oṣù kẹfà. Láàárín àkókò yẹn ni obìnrin yìí kọ́ ara rẹ̀ ní bí a ṣe ń dẹ pańpẹ́ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tó kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn, tó sì kan pẹpẹ gíga kan sókè ibùgbé rẹ̀ kí ó lè máa rí béárì láti òkèèrè. Òun nìkan, pẹ̀lú ológbò kan, ni ọkọ̀ tó wá gbé wọn ní oṣù kẹjọ ọdún náà bá láàyè. Òǹkọ̀wé tó bá gbàgbọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìmọ̀ igbó wà yóò pàdánù gbogbo ohun tó mú ìtàn yìí wúwo: ìbẹ̀rù rẹ̀, àìmọ̀ rẹ̀, àti bó ṣe borí méjèèjì lọ́jọ́ dé ọjọ́.

Ìtàn kejì dà bí òdìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló gbé wa dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan já sínú igbó Amazon ní Kòlóńbíà. Àwọn àgbàlagbà tó wà nínú rẹ̀ kú, ìyá àwọn ọmọ náà sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Huitoto yè é fún 40 ọjọ́. Ọmọ ọdún 13 ni àgbà nínú wọn, ọmọbìnrin ni, àbúrò wọn pátápátá kò sì tíì pé ọdún kan nígbà tí ọkọ̀ náà já. Gààrí ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà wọ́n ń wá èso inú igbó, nítorí pé ìdílé wọn ti kọ́ wọn ní èyí tó ṣeé jẹ. Àwọn sójà àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló jùmọ̀ wá wọn, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló sì rí wọn. Níbí, ìmọ̀ wà kí ewu tó dé, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló jókòó ti ọmọ tó sì kọ́ ọ.

Ohun tí ẹ óò mú láti inú ìtàn méjèèjì wá sínú iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ ya ìran ẹ̀kọ́. Kí ìjì tó dé, ẹ jẹ́ kí a rí ìyá àgbà tó ń fa ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára ewé kan, kí ó tún fi èkejì tó jọ ọ́ hàn án, kí ọmọ náà sì ṣe é tì lẹ́ẹ̀kan. Tàbí kẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rí ẹni tí kò mọ nǹkan tó ń gbìyànjú, tó ń ba igi ìdáná jẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìṣẹ́jú méjì bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ gígùn nípa àṣà lọ, nítorí pé ọmọ tó ń wò ó, ẹ̀yà yòówù kó ti wá, rí i pé òun náà lè kọ́ ọ.

Aginjù náà ní ẹni tó ni ín

Òfin aginjù tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1964 pe aginjù ní ibi tí ènìyàn jẹ́ àlejò tí kì í dúró pẹ́. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló ya ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: òkè, igbó, odò, kò sẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ahwahneechee ń gbé àfonífojì Yosemite ní California kí àwọn ọmọ ogun tó lé wọn jáde ní ọdún 1851, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ń pè ní ilẹ̀ òfìfo lónìí. Kí ẹ tó yan ibi tí ẹ óò ti ya fíìmù, ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ náà, orúkọ tí wọ́n ń pè é, àti ibi tí wọn kò fẹ́ kí kámẹ́rà dé. Ẹ lọ bá wọn nígbà tí ìtàn ṣì lè yí padà. Ẹni tí a pè lẹ́yìn tí ìwé eré ti parí, ìbùkún nìkan la ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò wá ìmọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètìlẹ́yìn fún fíìmù ní Australia, Screen Australia, tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde lórí èyí ní ọdún 2009, imagineNATIVE, àjọ fíìmù àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní Kánádà, sì tẹ tiwọn ní ọdún 2019. Àwọn méjèèjì wúlò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbikíbi, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ àṣẹ, owó iṣẹ́, àti ẹ̀tọ́ lórí ìtàn tí a gbà lẹ́nu àgbà.

Àpẹẹrẹ kan tí mo mọyì ni Prey, fíìmù nípa àwọn Comanche, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2022. Kì í ṣe fíìmù ọmọdé rárá, ẹ má ṣe fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Jhane Myers, tó jẹ́ Comanche àti Blackfeet, wà lára àwọn tó gbé e jáde, kì í ṣe olùdámọ̀ràn tí a pè wá fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn òṣèré náà sì tún gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ ní èdè Comanche kí òǹwòran lè yan èyí tó bá wù ú. Ẹ fi èyí wé ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ọdún 1971 kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí omijé ti ń dà lójú ọkùnrin tí gbogbo ayé rò pé ọmọ ìbílẹ̀ ni. Iron Eyes Cody ni orúkọ tó ń jẹ́, ará Ítálì sì ni àwọn òbí rẹ̀.

Lórí èdè, ẹ má bẹ̀rù láti jẹ́ kí ìdílé sọ èdè wọn, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Èdè náà lè ṣiṣẹ́ nínú ìtàn. Nígbà tí wọ́n ń wá àwọn ọmọ Kòlóńbíà náà, wọ́n gba ohùn ìyá àgbà wọn sílẹ̀ ní èdè Huitoto, ẹ̀líkọ́pítà sì ń gbé e kiri lójú ọ̀run pé kí wọ́n dúró sí ojú kan. Òǹkọ̀wé wo ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní kọ ìran kan lé e lórí?

Ohun tí olúkúlùkù gbé láti ilé wá náà ń bá a wọ inú igbó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jáde nínú ìwà rẹ̀. Ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín ìjì láti ṣe ìwàásù nípa ẹ̀yà. Bí àpẹẹrẹ, ọmọkùnrin tí a ti kọ́ láti kékeré pé kó sá fún ẹni tó wọ aṣọ ìjọba lè fara pamọ́ nígbà tí àwọn agbanilà bá dé, kí ìdílé náà sì tipa bẹ́ẹ̀ sun òru kan sí i nínú òtútù. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé nǹkan kan, síbẹ̀ òǹwòran ti mọ irú ayé tí ọmọ náà ti wá.

Ara tí kò rí bí ti àwọn yòókù

Ẹni tí ara rẹ̀ ní ìpèníjà kì í pẹ́ nínú fíìmù aginjù: yálà a fi í sílẹ̀ nílé, tàbí a sọ ọ́ di ẹrù tí akọni ń gbé kí a lè rí bí akọni náà ṣe lágbára tó. Ẹ ronú jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú A Quiet Place ti ọdún 2018, tí òun náà kì í ṣe fún ọmọ kékeré, Millicent Simmonds, òṣèrébìnrin tó jẹ́ adití, ló ṣe ọmọbìnrin adití nínú ìdílé náà, èdè ọwọ́ tí gbogbo ilé ti mọ̀ nítorí rẹ̀ sì wà lára ohun tó dá ẹ̀mí wọn sí. Nínú ìtàn tiyín, ìdílé tó mọ èdè ọwọ́ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti etí odò kan sí èkejì níbi tí ariwo omi ti bo ohùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ lè bínú, kí ó lè ṣàṣìṣe, kí ó lè jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé ẹni tó wà kìkì láti fi ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ gba àwọn yòókù là kò tíì di ènìyàn. Ẹ sì ṣe ìṣirò òtítọ́: bí ọmọ kan bá ní àtọ̀gbẹ, ìgò insulin mélòó ló wà nínú àpò, báwo ni wọn yóò ṣe pa á mọ́ kúrò nínú oòrùn? Bí ẹnì kan bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ilẹ̀ wo ló gbà á, ilẹ̀ wo ni kò gbà á, ta ló sì mọ bí a ṣe ń tún un ṣe? Irú ìbéèrè báyìí ń bí ìran tó dára ju ti béárì lọ. Ẹ wá òṣèré tó ń gbé irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣètò ibùdó yín kí ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjìyà.

Ìmọ́lẹ̀, irun àti ọgbẹ́

Lẹ́yìn gbogbo ìpinnu rere wọ̀nyí, kámẹ́rà ṣì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ń fi káàdì Kodak tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun lára ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, ìyẹn ni pé ojú aláwọ̀ dúdú kò sí nínú òṣùwọ̀n náà rárá. Kámẹ́rà òde òní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n aginjù ń tún ìṣòro náà gbé dìde. Nínú yìnyín tàbí lábẹ́ ojú ọ̀run funfun, kámẹ́rà tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú dúdú yóò sì di òjìji. Lábẹ́ igi tó ṣú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń dé ojú. Ẹ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lójú òṣèré kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe díwọ̀n rẹ̀ lára ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù kí ẹ sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Nídìí iná, ẹ jẹ́ kí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú jù jókòó súnmọ́ iná, kí ẹ sì fi pátákó funfun kan ta ìmọ́lẹ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Òróró díẹ̀ tàbí òógùn lójú ń jẹ́ kí àwọ̀ dúdú gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì bá ìtàn mu. Ẹ ṣe ìdánwò gbogbo èyí pẹ̀lú àwọn òṣèré fúnra wọn kí ẹ tó gbéra lọ sí ibi tí iná mànàmáná kò sí.

Irun ń fẹ́ ìrònú bẹ́ẹ̀ náà. Irun tí a dì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú igbó, kò rí bí irun tó nà. Dídì náà yóò máa tú, irun tuntun yóò hù jáde ní ìdí rẹ̀, eruku yóò dúró níbi tó yàtọ̀. Ẹ gba ẹni tó mọ irun náà síṣẹ́, kí ó sì máa kọ bí ó ṣe rí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn sílẹ̀. Ọgbẹ́ àti àìsàn pẹ̀lú: ìpalára òtútù, ara tó wú àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì kì í pọ́n lára aláwọ̀ dúdú bí ó ṣe ń pọ́n lára aláwọ̀ funfun, ó lè ṣú, ó lè dà bí eérú tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Aláwọ̀ dúdú náà ń jóná nínú oòrùn. Ẹni tó ń ṣe ojú òṣèré lọ́ṣọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí pé ọmọ kan lè wo fíìmù yín kí ó tipa bẹ́ẹ̀ dá ewu mọ̀ lára ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, àti ìdánwò tó kẹ́yìn

Láti orí àwọn fíìmù tó díje ní ọdún 2024, àjọ tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Oscar ti sọ ọ́ di dandan pé kí fíìmù tó bá fẹ́ díje fún ipò fíìmù tó dára jù kúnjú méjì nínú òṣùwọ̀n mẹ́rin: àwọn tó hàn nínú fíìmù àti ìtàn rẹ̀, àwọn tó ń darí iṣẹ́, àǹfààní iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àti àwọn tó ń gbé fíìmù náà tọ òǹwòran lọ. Ẹ lò ó bí ìránnilétí. Kíkúnjú rẹ̀ kò nira, fíìmù tí kò sọ òtítọ́ nípa ẹnikẹ́ni sì lè kúnjú rẹ̀. Ohun tí mo rọ̀ yín láti fi owó sí ni ẹni tó ń kọ ìwé eré àti ẹni tó ń to àwòrán pọ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ìpinnu wà lórí ojú ẹni tí a óò wò nígbà tí ewu bá dé.

Nígbà tí ẹ bá ti to fíìmù náà pọ̀ tán, ẹ fi han àwọn ọmọdé láti oríṣiríṣi ilé, kí àwọn òbí wọn má ṣe jókòó tì wọ́n nígbà tí ẹ bá ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ọmọ tó ní ìwà pẹ̀lẹ́ yóò sọ pé ó dùn. Ẹ bi wọ́n pé: bí ìwọ náà bá sọnù sínú igbó, ta ni nínú wọn ni o máa fẹ́ kó wà pẹ̀lú rẹ? Kí ni ẹni yẹn mọ̀ ọ́n ṣe? Bí gbogbo wọn bá dárúkọ ẹnì kan náà, ẹ padà sínú àwòrán tí ẹ ti yà, kí ẹ wá ibi tí àwọn yòókù ti ń wòye, tí wọ́n ti ń ronú, tí wọ́n ti ń kọ̀, nítorí pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni a sábà máa ń gé kúrò kí eré lè yára. Bí kò bá sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá, títò kò lè tún un ṣe. Ẹ pe àwọn òṣèré padà, bí owó bá sì kù fún ìran kan ṣoṣo péré, kí ó jẹ́ ìran ẹ̀kọ́ kí ìjì tó dé.